"Ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́": iye òkú tí ẹ kọ nípa ojú irin Bóma kò pé

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ jagun ní Bóma (ilẹ̀ tí a ń pè ní Myanmar lónìí) nígbà ogun Hitler, inú mi sì dùn gidigidi pé ìwé ìròyìn tí a fi èdè wa kọ lè ya ojú ewé méjì gbáko sọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tó fi ojú ara wọn rí ogun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín wa. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú àpilẹ̀kọ náà tí n kò lè gbójú fò. Òǹkọ̀wé yín sọ pé 12,000 ènìyàn ló kú nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan fi ipá mú àwọn òǹdè ogun la ojú irin láti Thailand dé Bóma. Nítorí iye yẹn ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tó bá kà á láìmọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ yóò rò pé gbogbo òkú ojú irin náà ni a kà fún òun, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdá kan nínú mẹ́jọ wọn, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni a kà.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni 12,000 náà, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Ìlú Singapore bọ́ sọ́wọ́ Japan ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1942, nǹkan bí 80,000 ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Australia àti India sì di òǹdè níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ogun Dutch tó wà ní erékùṣù Java, ní Indonesia òde òní, náà fi juwọ́ sílẹ̀. Japan ní àwọn ọmọ ogun ní Bóma tó fẹ́ fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń ba dè é lójú òkun, ìdí nìyẹn tí ó fi pinnu láti la ojú irin gba inú igbó àti ẹ̀gbẹ́ òkè, láti Ban Pong ní Thailand dé Thanbyuzayat ní Bóma. Kìlómítà 415 ni ọ̀nà náà. Jíjìn rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ojú irin wa tó gbéra ní Èkó, tó gba Ọ̀fà kọjá, tó sì wọ Ìlọrin ní ọdún 1908. Nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlógún péré ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1943. Ó lé ní 60,000 òǹdè tí wọ́n kó lọ síbẹ̀.

Ó yẹ kí á sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà "iṣẹ́ ipá" ti di ohun tí ènìyàn ń kà kọjá lọ láìdúró. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wọn ilẹ̀ fún àwọn òǹdè, wọn kò sì gbọdọ̀ padà sí àgọ́ títí wọn yóò fi gbẹ́ ẹ tán, tí wọn yóò sì fi agbọ̀n tàbí àpò tí a so mọ́ ọparun méjì ru iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń mọ òkìtì ojú irin. Níbi tí òkúta bá wà, ẹnì kan á di irin mú, ẹnì kejì á máa fi òòlù lù ú títí ihò náà yóò fi jìn tó láti gba ẹ̀tù. Ìrẹsì àti omi ọbẹ̀ tí ewébẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀ ni oúnjẹ wọn, ẹni tó bá sì ń jẹ ìrẹsì funfun nìkan fún oṣù púpọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ikùn rẹ̀ á wú, ọkàn rẹ̀ á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Àìsàn yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní beriberi. Bí ẹ̀gún ọparun bá ha ènìyàn lẹ́sẹ̀ lásán, ojú ibẹ̀ lè di egbò tí yóò jẹ ẹran dé eegun láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú wọn, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ òǹdè, a máa fi ṣíbí ha egbò náà, bí kò bá sì gbọ́, wọn a fi ayùn gé ẹsẹ̀. Nígbà tí ọdún 1943 wọlé, tí àwọn aláṣẹ Japan ń kánjú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu àwọn ẹ̀ṣọ́: "Spídò! Spídò!", ìyẹn ni pé kí wọ́n yára. Wọ́n ṣiṣẹ́ lóru nínú ìmọ́lẹ̀ iná tí wọ́n dá, ní ibì kan tí àwọn òǹdè fúnra wọn sọ ní Ọ̀nà Iná Ọ̀run Àpáàdì nítorí bí òjìji àwọn tó ti rù kan eegun ṣe ń jó lára òkúta. Ẹni tó ń ṣàìsàn kì í bọ́: iye ènìyàn tí àwọn ẹnjinníà Japan bá béèrè ní àárọ̀ gbọ́dọ̀ pé, kódà kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ibi iṣẹ́ kí ó máa jókòó fọ́ òkúta. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, àrùn onígbáméjì bá òjò wọ àgọ́. Àwọn 7,000 kan wà tí wọ́n kó kúrò ní Singapore ní oṣù Kẹrin ọdún 1943. Bí ọkọ̀ ojú irin ti já wọn sílẹ̀, nǹkan bí 300 kìlómítà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lóru kí wọ́n tó dé ibi tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́. Kí ọdún náà tó yí po, nǹkan bí 3,100 nínú wọn ti kú.

Gbogbo èyí tí mo ti ń kọ bọ̀ yìí, ìtàn àwọn sọ́jà ni. Àwọn yòókù ni lẹ́tà mi wà fún.

Pẹ̀lú àwọn òǹdè 60,000 náà, nǹkan bí 200,000 òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ológun ló wà lórí ojú irin kan náà, àwọn òpìtàn mìíràn tilẹ̀ sọ pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Tamil, ẹ̀yà kan láti gúúsù India, wà nínú wọn, tí wọ́n ti ń kọ rọ́bà ní oko àwọn òyìnbó ní Malaya (apá kan ilẹ̀ Malaysia òde òní). Àwọn ará Bóma wà nínú wọn. Àwọn ará Java, tí àwọn ará Japan ń pè ní rómúṣà, wà nínú wọn pẹ̀lú. Wọ́n ṣèlérí owó tó jọjú fún wọn, wọ́n ní oṣù díẹ̀ péré ni wọn yóò fi ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn sì mú ìyàwó àti ọmọ dání. Nígbà tí ìròyìn bí nǹkan ṣe rí dé ilé, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ lọ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ènìyàn lójú pópó. Nǹkan bí 90,000 nínú àwọn wọ̀nyí ló kú. Oúnjẹ àwọn sọ́jà burú, tiwọn tún burú jù ú lọ. Àwọn sọ́jà ní dókítà, àwọn kò ní. Bí àrùn onígbáméjì bá wọ àgọ́ wọn, àwọn tó lè rìn a sá wọ igbó, àwọn tó kù a sì kú sí ojú kan náà tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí.

Àwọn baba wa ní òwe kan tí n kò lè gbàgbé nígbàkígbà tí mo bá ń ka ìtàn yìí. Wọ́n ní ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, mo máa ń rò pé ìkà ni òwe náà ń bá wí. Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo rí i pé ìròyìn ló ń sọ nípa rẹ̀, pé ohun tó mú ikú ẹnì kan wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ ni pé ẹnì kan wà tó gbé ìròyìn náà dé ilé. Ẹ wo bí ó ti ṣẹ lórí ojú irin yìí. Àwọn ọ̀gá ológun tó wà lára àwọn òǹdè ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá kú pamọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà ńlá ni fún ẹni tí wọ́n bá ká irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n a rì í mọ́lẹ̀ nínú ìgò tàbí agolo, wọ́n a ya àwòrán ibi ìsìnkú. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1945, àwọn ènìyàn díẹ̀ tọ ojú irin náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì pẹ̀lú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́. Wọ́n rí ìtẹ́ òkú 144, wọ́n rí ohun tó lé ní 10,000 sàréè, ìwọ̀nba 52 péré ni wọn kò sì rí. Lónìí, ẹni tó bá dé Kanchanaburi ní Thailand yóò bá sàréè tó súnmọ́ 7,000 nínú ọgbà tí wọ́n ń gé koríko rẹ̀ déédéé, orúkọ, ọjọ́ orí àti ẹgbẹ́ ogun wà lára èyí tó pọ̀ jù. Àádọ́ta àti méjì ló sọnù nínú àwọn sọ́jà. Nínú àwọn 90,000, ta ni a lè sọ pé a rí?

Nígbà tó di ọdún 2000, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó ṣẹ́kù nínú àwọn tó jẹ́ òǹdè lọ́wọ́ Japan ní £10,000, tàbí opó wọn bí àwọn fúnra wọn bá ti kú. Ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe, nítorí pé ìwé wà tí a lè yẹ̀ wò. Ọmọ Tamil tí bàbá rẹ̀ kú sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀ kò ní ìwé tí yóò mú lọ síwájú ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré bí ìwé ìròyìn bá kọ 12,000 tó sì dákẹ́. A tún wọn sin lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ó lè jẹ́ pé òǹkàwé kan ń bi ara rẹ̀ pé kí ló kan ará Kwara nínú ọ̀rọ̀ àwọn Tamil àti àwọn ará Java. Ọjọ́ tí Singapore bọ́ yẹn kan Nàìjíríà ju bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti mọ̀ lọ. Láti Malaya àti àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ àwọn Dutch ni púpọ̀ nínú tánganran ayé ti ń wá, èyí tí wọ́n fi ń ṣe agolo oúnjẹ àti oríṣiríṣi ohun èlò ogun. Bí Japan ti gba ilẹ̀ wọ̀nyí, ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí sí Jos. (Kùsà ni wọ́n ń pe tánganran náà níbẹ̀, láti ẹnu àwọn Hausa, ibẹ̀ ni àwa Yorùbá ti mú un tí a fi ń sọ pé ìwakùsà.) Láti ọdún 1942 sí 1944, ìjọba amúnisìn gba ọwọ́ àwọn ọba àti baálẹ̀ kó ohun tó tó 100,000 ọkùnrin láti àwọn ẹkùn ilẹ̀ Àríwá lọ sí ibi ìwakùsà ní Jos. Wọn kì í ṣe sọ́jà, wọn kì í ṣe ọ̀daràn. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n bá òtútù tí wọn kò mọ̀ rí, àgọ́ tí kò bójú mu, oúnjẹ tí kò tó. Ọ̀pọ̀ sá lọ, ọ̀pọ̀ ṣàìsàn, ọ̀pọ̀ kú. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1930 tó lòdì sí iṣẹ́ ipá ti wà nílẹ̀ nígbà náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn náà fúnra rẹ̀ yọ àkókò ogun sílẹ̀, inú àlàfo yẹn ni wọ́n sì gbà wọlé.

N kò sọ pé ohun kan náà ni Jos àti ojú irin Bóma. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì pọ̀, ìwà ìkà àwọn ẹ̀ṣọ́ Japan kò sì ní àfiwé ní Jos. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìṣubú ìlú kan ṣoṣo ló sọ àwọn sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì di òǹdè lábẹ́ Japan, tó sì sọ àgbẹ̀ Nàìjíríà di òṣìṣẹ́ ipá lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé nínú méjèèjì, ẹni tí kò wọ aṣọ ológun ni orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Bàbá mi ta aṣọ ní Bukuru, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà tó lọ wá owó lọ sí ìhà Jos láyé ọjọ́un, ọkùnrin Tiv kan ló sì ń ṣe ọdẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nígbà náà. Lálẹ́, bí ó bá ń yáná, àwa ọmọdé a jókòó tì í, yóò sì fi èdè Hausa sọ fún wa pé àwọn mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kó ní abúlé òun lọ́jọ́ kan, pé àwọn mọ́kànlá ló padà sílé. Lẹ́yìn náà ni yóò ka orúkọ àwọn márùn-ún yòókù, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yí ètò wọn padà rí, bí ẹni tó ń kéwú. Ó sọ pé ẹni tó bá kú lóru, ẹní tó sùn lé ni wọ́n fi ń dì í, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ohun tó ń jẹ́. Olóòtú, mo gbọ́ orúkọ márùn-ún yẹn ju ogún ìgbà lọ, n kò sì rántí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn mọ́. Mo ti gbìyànjú. Ó dùn mí títí dòní, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwa ọmọdé tó ń yáná lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ìwé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òfin kún un, nítorí pé àpilẹ̀kọ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ bí ẹni pé òǹdè ogun kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1929 gbà kí a fún òǹdè ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó kan ogun ní tààrà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó léwu tàbí tó ń ba ìlera jẹ́. Ojú irin tí a ń là láti gbé ohun ìjà lọ sójú ogun rú òfin yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́. Japan fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọdún 1929, ṣùgbọ́n kò fi òǹtẹ̀ ìjọba rẹ̀ lù ú. Jámánì ní tirẹ̀ ṣe àwáwí lórí àwọn ọmọ ogun Soviet, pé ilẹ̀ wọn kò sí nínú àdéhùn, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta nínú wọn tó kú sí àgọ́. Àwọn tó borí ogun náà kò mọ́ pátápátá: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn òǹdè Jámánì ṣiṣẹ́ oko títí wọ ọdún 1948, nígbà tí ogun ti parí láti 1945.

Àdéhùn tuntun ti ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1949 ló dí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlàfo wọ̀nyí. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ọ̀gá ológun ṣiṣẹ́, pé òǹdè tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi wákàtí kan lọ́sàn-án àti odidi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, pé a gbọ́dọ̀ sanwó fún un, pé kí a dá a sílẹ̀ láìjáfara bí ìjà bá ti dáwọ́ dúró. Àdéhùn kẹrin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ kan náà wá dá ààbò bo àwọn tí kì í ṣe ológun: agbára tó gba ilẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ fi ipá kó ẹni tí kò tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kó ẹnikẹ́ni lọ sí iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di alábàápín nínú ogun. Lójú tèmi, èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni abala kan tí ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà, tó ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí òǹdè bá dé àgọ́, kí á fún un ní káàdì tí yóò fi sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun wà láàyè àti ibi tí òun wà. Abala mìíràn ní bí ó bá kú, kí á sin ín lọ́nà tó bu iyì fún un, kí á sì sàmì sí sàréè rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin yẹn ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ ogun. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 1961, nígbà tí ogun abẹ́lé wa sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, Ọ̀gágun Gowon fún àwọn ọmọ ogun ìjọba ní ìwé ìlànà tó sọ pé a kò gbọdọ̀ pa ọmọ ogun ọ̀tá tó bá juwọ́ sílẹ̀, pé kí á gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí á sì hùwà sí i bí òǹdè ogun. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti pa ìlànà náà mọ́, ṣùgbọ́n ó wà ní kíkọ, ẹni tó rú u sì mọ̀ pé òun rú u.

N kò fẹ́ kí lẹ́tà mi dà bí ẹni pé àwọn àjèjì nìkan ló ń ṣe irú èyí. Ìlọrin, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta, kò sí èyí tí oko rẹ̀ kò kún fún àwọn tí a kó lójú ogun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọmọdékùnrin ni Àjàyí Crowther nígbà tí wọ́n kó o ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ó yè, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀, nítorí náà ni a ṣe mọ̀ ọ́n. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé ẹrú ogun ayé àtijọ́ di ọmọ ilé, pé ó láya, ó bímọ, ó sì jogún. Mo mọ àwọn agboolé tí èyí ti ṣẹlẹ̀, n kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó yè nìkan ni ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́rìí fún.

Àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òǹdè gan-an wà nínú ogun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpilẹ̀kọ yín kò kàn wọ́n. Faransé kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lọ jà, títí kan àwọn ará Dahomey (Benin òde òní) tí àwọn Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ wà lára wọn. Jámánì mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ní ọdún 1940, ó sì pa àwọn mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Chasselay lẹ́bàá ìlú Lyon ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Àwọn tó kù lo ọdún mẹ́rin ní àgọ́ ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, tí wọ́n kó wọn dé Thiaroye lẹ́bàá Dakar, wọ́n béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Faransé tí wọ́n jọ wà lábẹ́ àsíá kan náà yìnbọn fún wọn. Wọ́n kọ 35 sílẹ̀ pé òun ni iye òkú. Ó pẹ́ kí ìjọba Faransé tó gbà pé ó lè tó 70. Àwọn òpìtàn mìíràn ní ọ̀ọ́dúnrún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, iye òkú ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì: ní ọdún 2021, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ológun wọn jẹ́wọ́ pé, nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́ nìkan, ó kéré tán 116,000 ènìyàn tó kú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọn kò fi orúkọ rántí, tó sì jẹ́ pé ọmọ Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti ará Íjíbítì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn aláàárù tó ru ẹrù ogun pọ̀ nínú wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èèwọ̀ náà dára fún alààyè. Òkú tí a kò kà, kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ tún iye náà ṣe nínú ìwé ìròyìn yín, kí ẹ sì kọ ọ́ pé yàtọ̀ sí àwọn òǹdè tó lé ní 12,000, nǹkan bí 90,000 àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Éṣíà ló kú lórí ojú irin náà. Èkejì ni pé kí ẹ ya àyè kan sọ́tọ̀, ì báà ṣe ìdajì ojú ewé lóṣù, fún orúkọ àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo, Èsìẹ́ àti gbogbo agbègbè wa tí ogun náà gbé lọ: àwọn tó lọ sí Bóma, àwọn tó ru ẹrù, àwọn tó wà níbi ìwakùsà tí wọ́n sì mọ ẹni tó kú níbẹ̀. Kì í ṣe ìtàn gígùn ni mo ń béèrè. Orúkọ, agboolé, ọdún tó lọ, ohun tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ọta ìbọn Japan bà ní àfonífojì Kaladan ní Bóma ní ọdún 1944, tí àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀ sì fi pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án kí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Japan má baà tẹ̀ ẹ́, kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2012. Nítorí pé ó kọ ọ́ ni ayé fi mọ̀ ọ́n, tí a sì tún mọ orúkọ àgbẹ̀ náà, Shuyiman. Ó yẹ kí àwọn tó kù ní Kwara ní ìlà kan ṣoṣo, ó kéré tán.

Àwọn ọmọ tó ń lo fóònù lónìí lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ kò lè kọ̀wé, kí ó jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì béèrè orúkọ kí ó tó béèrè ìtàn.

Bí ẹ bá gbà, èmi ni n ó kọ́kọ́ fi tèmi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tó ru ẹrù lórí ní Kaladan. Ó padà wálé, kò sì sọ nǹkan púpọ̀ nípa ogun náà títí ó fi kú, àfi pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n láàyè. Páànù róbótó tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, tí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀, wà nínú àpótí mi níhìn-ín. N ó ya fọ́tò rẹ̀, n ó sì kọ nọ́ńbà náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi ìlà márùn-ún sílẹ̀ lófìfo fún àwọn ọmọ Tiv márùn-ún wọ̀nyẹn, bóyá ẹnì kan tó jókòó nídìí irú iná bẹ́ẹ̀ rí yóò rí i, tí yóò sì mọ ohun tí a lè kọ síbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.